Ẹ́ńjìnnì Tútù Kì í Kú

Ọjọ́ Ajé, Jánúárì 20, 1997

Ẹ́ńjìnnì kẹta padà wá lónìí. Ti Verna Torvik. Èéfín búlúù ń tú jáde nídìí ọkọ̀ náà bí ẹni ń yan ẹja. Kò tíì rin máìlì ẹgbẹ̀rún méjì. Méjì! Èmi Orrin Haugstad — ẹ́ńjìnnì tí mo bá fọwọ́ mi tò, olówó ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Akọ̀wé ra ìwé yìí fún mi nígbà Kérésì. Ó ní kí n máa kọ ohun tó bá ń bí mi nínú síbẹ̀, kí n yé sọ sípánà. Akọ̀wé ni ìyàwó mi, Ardis. Òun ló ń kọ̀wé ra èròjà láti Fargo, òun ló ń gbé fóònù, òun ló ń fèsì lẹ́tà. Èmi àti báírò ò jọ jẹun rí. Ìwé mẹ́jọ ni mo kà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí tí mo ti ń fọ páànù ọ́ìlì fún ọ̀gá mi, Gus, ní pápá tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù mi ló tóbi jù láti Lind Lake níbí dé ẹnubodè Kánádà. Kí ẹni tó lọ yunifásítì wá bá mi to ẹ́ńjìnnì ká wò ó.

Ẹ̀kọ́ tí Gus kọ́ mi, mo kọ ọ́ sára pátákó, mo kàn án mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà: ẸŃJÌNNÌ TÚTÙ KÌ Í KÚ. Ìgbóná ló ń pa irin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi tamọsitáàtì ọgọ́jọ, 160, sínú gbogbo ẹ́ńjìnnì mi. Ilẹ̀kùn kékeré ni, ó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà ara ẹ̀ ló ń sọ bí omi ṣe máa gbóná tó kó tó ṣí, kí omi ráyè lọ tutù nínú rédíétọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ní kí ó jẹ́ márùndínnígba, 195. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ò mọ̀ tó Gus.

Nǹkan kan ṣáà ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí Adákẹ́, ọmọṣẹ́ mi àtijọ́, wà lọ́dọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì kan ò padà wá rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jánúárì 21

Òtútù ti wọ ọgbọ̀n lábẹ́ òdo. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dì pa, omi gbígbóná la fi ṣí i.

Mo tú ti Verna. Abẹ́ ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí — nǹkan funfun kan dì síbẹ̀ bí kíríìmù tó ti bàjẹ́. Ọ́ìlì ń run pẹtiróòlù. Irin tí ọ́ìlì yẹ kó máa bò ti dógùn-ún. Ògiri sìlíńdà ti jẹ wọnú débi pé èékánná mi há sókè níbi tí ríìǹgì ń dé. Ríìǹgì fúnra ẹ̀, òrùka irin tó ń dí ara písítìnì, ó ti tín-ín-rín. Ẹ́ńjìnnì oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ara arúgbó.

Mo jókòó sórí táyà, mo wò ó. Bí ìgbà tí wọ́n bá bu ọmọ ẹni jẹ.

Ọjọ́bọ̀, Jánúárì 23

Mo ti mọ ẹni tó ṣe é. Adákẹ́ ni.

Lowell Aune lorúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Ọdún méjìlélógún ló fi bá mi ṣiṣẹ́, bóyá ni ọ̀rọ̀ tó sọ kún agolo kan. Nígbà tí mo gbà á, ìbọ̀wọ́ méjì ló ní láyé, ọ̀kan tún ti ya. Mo kọ́ ọ níṣẹ́. Bá a ṣe ń ṣe é nìyí: èmi ni mò ń to ẹ́ńjìnnì láti ìdí dé òkè. Tí mo bá ti de nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn, mo nu ọwọ́ mi, mo kúrò níbẹ̀. Adákẹ́ ló ń rọ omi sínú rédíétọ̀, òun ló ń tan án, òun ló ń wà á yí adágún po lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń fún olówó ọkọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀gá, ọmọṣẹ́ ń ṣe tiẹ̀.

Oṣù Òkítóbà 1995 ló kúrò. Ọ̀rọ̀ omi lásánlàsàn! Ẹ́ńjìnnì àwọn ìbejì Torvik là ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, ti Velda àti ti Verna. Adákẹ́ rọ omi ti Velda. Lọ́jọ́ kejì, ó pẹ́ dé. Verna ti dúró lé mi lórí bí ẹyẹ igún, mo bá fọwọ́ ara mi rọ tiẹ̀. Bí Adákẹ́ ṣe wọlé báyìí:

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n tú omi yẹn dànù, kí n tún un rọ."

Mo ní ṣé omi mi ń rùn ni? Ó ní rárá, kí n ṣáà jẹ́ kóun tún un ṣe. Níwájú oníbàárà! Mo ní, "Orúkọ ta ló wà lára ògiri yìí?" Ó wo ògiri. Ó wò mí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé orí tábìlì, ó lọ. Ó ti wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sínú abà bàbá ẹ̀ lódìkejì adágún.

Ó dáa. Àpótí ríìǹgì tó lọ kó wá láti Fargo lọ́sẹ̀ tó kúrò — òun ni mo lò fún Verna. Òun náà ni mo lò fún àwọn méjì tó ti kọ́kọ́ padà wá. Ó mọ̀ pé ríìǹgì burúkú ni. Ó kó o sílẹ̀ dè mí bí ẹni dẹ pàkúté. Ẹni tí mo bá jẹun lórí tábìlì kan!

Mo sọ ọ́ ní ilé kọfí láàárọ̀ yìí, mi ò sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Harlan tó ni ilé kọfí ní, "Lowell kẹ̀? Lowell tó máa ń dá ẹja kékeré padà sómi? Orrin, ìyẹn ò lè pa èèrà." Mo ní èèrà ò ní ríìǹgì nínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dúró dìgbà ìpàdé ẹgbẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, Máàṣì 1. Ìpàdé yẹn ni wọ́n á ti yan ẹni tó máa tún ọkọ̀ panápaná ìlú ṣe, ti 1949, èyí tó máa ń ṣíwájú nígbà ayẹyẹ oṣù Keje. Wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé káwọn gbé e fún Adákẹ́. Lójú mi láyé? Màá dìde níbẹ̀, màá là á mọ́lẹ̀. Tí mo bá fi máa jókòó, wọn ò ní gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko fún un tún ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, Jánúárì 26

Pásítọ̀ Sundby wàásù lórí ìdáríjì. Mo sùn.

Lẹ́yìn ìsìn, kọfí nísàlẹ̀ ilé. Àwọn ìbejì Torvik jókòó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n. Ọjọ́ kan náà ni bàbá wọn ra ọkọ̀ fún àwọn méjèèjì ní 1964, irú kan náà, àwọ̀ ewé kan náà. Inú ilé kan ni wọ́n ń gbé. Ṣọ́ọ̀ṣì máìlì mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń lọ, kálukú nínú tiẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì lẹ́yìn. Wọn ò jọ wọ ọkọ̀ kan láti 1981. Nítorí ẹlẹ́dẹ̀ kan.

Verna wá bá mi. Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo yá a kó máa fi rìn ná. Ó ní, "Orrin, àlòkù tó o yá mi yìí ń mú ẹsẹ̀ mi móoru o. Tèmi ò mú un móoru rí látìgbà tó o ti tún un ṣe. Bíríkì ni mò ń yan nínú sítóòfù, màá gbé e sẹ́sẹ̀ bí ọmọ ológbò."

Mo sọ fún un pé àmì ìlera nìyẹn. Ìgbóná ẹ́ńjìnnì ló ń mú inú ọkọ̀ móoru; ẹ́ńjìnnì tó bá tutù, atẹ́gùn tútù ló máa fẹ́ sí ẹni tó wà nínú ẹ̀.

Velda lọgun láti ọ̀hún: "Tèmi ń fẹ́ iná! Mo máa ń bọ́ kóòtù kí n tó dé afárá!"

Verna ní, "Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ móoru ni."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan yẹn ò kúrò létí mi títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ajé, Jánúárì 27

Òtútù. Mo jẹ páì méjì. Mi ò rí nǹkan kọ.

Ọjọ́rú, Jánúárì 29

Ọgbọ́n ò pin nínú mi. Mo lọ sọ́dọ̀ Velda, mo ní mò ń yẹ ọkọ̀ àwọn oníbàárà mi wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Lọ́fẹ̀ẹ́? Ìwọ? Ṣé dókítà ti sọ fún ẹ pé o máa kú ni?"

Mo fa géèjì ọ́ìlì. Ó mọ́. Ó dúdú díẹ̀, bó ṣe yẹ kó dúdú. Kò run nǹkankan. Mo ṣí ìdérí — kò sí kíríìmù. Mo tan án, mo tẹtí. Ó ń dún bí ológbò tó yó.

Mo ṣí ìwé tí mo máa ń kọ iṣẹ́ sí. Ríìǹgì tó wà nínú Velda, àpótí kan náà ló ti jáde pẹ̀lú ti Verna. Kan náà! Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀nà kan náà, máìlì mẹ́ta kan náà. Wáyà iná kan náà ni wọ́n ń fi mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ ní òru.

Tí ríìǹgì bá burú, ó yẹ kó burú níbí náà.

Ọjọ́bọ̀, Jánúárì 30

Mo padà lọ. Mo fi ọkọ̀ Velda sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, mo tẹjú mọ́ aago ìgbóná. Ọwọ́ aago gòkè, ó gòkè, ó dúró láàárín gbùngbùn. Ẹ́ńjìnnì Orrin Haugstad kì í dé àárín. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé.

Nígbà tó tutù, mo tú ọrùn ibi tí omi ń gbà jáde. Mo yọ tamọsitáàtì.

195.

Mo nù ún. Mo wọ awò ojú. 195. Gbogbo ohun tí mo bá fi sínú ẹ́ńjìnnì, mo máa ń fi ṣóńṣó irin ha O sí i lára. O ti Orrin. Kò sí O lára èyí.

Àṣírí tú! Adákẹ́ ló ṣí ẹ́ńjìnnì mi lẹ́yìn mi. Ó fẹ́ sun ún jóná kó lè bà mí lórúkọ jẹ́. Mo fi ìbínú jẹ oúnjẹ alẹ́, mo bu ahọ́n ara mi jẹ.

Nísinsìnyí ẹ̀jẹ̀ ti dá, mo jókòó. Ẹni tó fẹ́ pa á, kí ló dé tó jẹ́ èyí tó fọwọ́ kàn ló yè?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fébúárì 8

Ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú ti ń wò mí tìfura-tìfura. Ti Pásítọ̀: 195. Ti Dókítà Engen, tó ti rin máìlì ọ̀kẹ́ mẹ́fà láì mu ọ́ìlì: 195. Ti Harlan: 195. Mẹ́ta míì: 195, 195, 195. Kò sí O lára ìkankan. Gbogbo wọn ni Adákẹ́ rọ omi sí.

Àwọn mẹ́ta tó padà wá ní òtútù yìí: 160, 160, 160. O gbàǹgbà lára gbogbo wọn. Èmi ni mo rọ omi wọn.

Mo to méjèèjì sórí tábìlì, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Akọ̀wé gbé kọfí wọlé. Ó rí wọn. Kò bi mí ní nǹkankan. Akọ̀wé tó máa ń béèrè ìdí tí mo fi wúkọ́!

Ọjọ́ Àìkú, Fébúárì 9

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fébúárì 11

Mo jókòó sínú Ìyáàgbà. Ọkọ̀ akẹ́rù tèmi ni, ti 1953. Mo wà á lọ sílé pósítì, mo wà á bọ̀. Ọwọ́ aago ìgbóná ò gbéra nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tò. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé iṣẹ́ agbára ló ń ṣe. Ilé pósítì àti ilé ìtajà pákó, iṣẹ́ agbára wo nìyẹn? Akọ̀wé kì í wọ inú ẹ̀ láì mú bùláńkẹ́ẹ̀tì dání.

Gbogbo ìlú máa ń fi páálí dí iwájú rédíétọ̀ lóṣù Kìíní kí ẹ́ńjìnnì lè móoru. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní páálí ni aṣọ ọ̀lẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fébúárì 15

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo fẹsẹ̀ rìn gba orí adágún lọ bá Adákẹ́ nínú ilé pákó tó fi ń pẹja lórí yìnyín. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé. Mi ò kanlẹ̀kùn. Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, okùn lọ́wọ́, sítóòfù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, atẹ́gùn." Bí ẹni pé àná la ríra.

Mo lanu. Ó ń fa okùn sókè lọ́wọ́. Ohun tó so mọ́ ìdí okùn kó lè rì yọ jáde nínú ihò, ó ń yí, omi ń kán lára ẹ̀. Mo gbá a mú. Tamọsitáàtì ni. 160. O.

O tèmi! Ó ń fi mí pẹja!

Mo wo abẹ́ àga. Agolo kọfí mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n kún dẹ́nu. Mo da ọ̀kan sórí yìnyín. O, O, O, O. Àwọn míì ti dúdú, àwọn míì ṣì ń dán. Ìkankan wọn ò gbé inú ẹ́ńjìnnì rí, bí mo ṣe fi wọ́n síbẹ̀ náà ló ti yọ wọ́n.

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún kejì tí mo dé."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín. Lórí ọkọ̀ Dókítà, ní '75. Ẹ sọ sípánà lù mí." Ó ká fìlà sókè, ó fi àpá kan hàn mí lókè etí. Mo rántí sípánà yẹn. Mi ò rántí ohun tó sọ kí n tó jù ú.

Lẹ́yìn náà Adákẹ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ ju èyí tó sọ lọ́dún mẹ́wàá lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, Gus ò parọ́. Ọkọ̀ eré, oṣù Keje, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì ń tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òtútù ni ìyẹn ń wá. Verna ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Máìlì mẹ́ta, lóṣù Kìíní. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò gbóná dáadáa rí látọjọ́ tẹ́ ẹ ti tò ó. Epo tí kò bá jó tán á máa ṣàn sára ògiri sìlíńdà, á fọ ọ́ìlì kúrò níbẹ̀, irin á máa ha irin. Oru omi tó yẹ kó bá ìgbóná lọ, á jókòó sínú ọ́ìlì, á di ẹrẹ̀, á kan, á máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Písítìnì gan-an, ìgbà tó bá gbóná ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Tó bá tutù, ṣe ló ń mì nínú ihò ẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ gbogbo ẹ̀. Pátákó tó wà lókè ilẹ̀kùn yín ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "O ti fi mí ṣẹ̀sín fún ogún ọdún."

"Mi ò rẹ́rìn-ín rí."

"Kí lo wá dúró ṣe?"

"Kò sẹ́ni tó ń to ẹ́ńjìnnì bíi tiyín láyé yìí. Nǹkan kékeré kan ló kù díẹ̀ káàtó. Mo lè tún ìyẹn ṣe láàárín wákàtí kan."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju èébú lọ.

Mo ní, "Ìyáàgbà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti tò ó."

"Tiyín nìyẹn. Mi ò fọwọ́ kan ohun tó bá jẹ́ tiyín."

Ìyáàgbà wá ni ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo láyé tó jẹ́ ti Orrin Haugstad láti ìdí dókè. Ó sì ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí bi í pé, "Àwọn márùndínnígba yẹn, ta ló ń bá ẹ rà wọ́n?"

Ó yíjú sínú ihò. "Ọ̀gá, ẹja ń jẹ."

Kò sẹ́ja tó ń jẹ. Okùn ò mì. Mo rìn padà lórí yìnyín, kí n tó dé èbúté ni mo ti mọ̀. Ẹni mélòó ló ń kọ̀wé sí Fargo nínú ilé mi?

Ọjọ́ Àìkú, Fébúárì 16

Akọ̀wé ń nu àwo. Mo bi í. Kò dẹwọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ní kí n kọ ọgọ́jọ, méjì ni mo máa ń kọ. Ọgọ́jọ kan fún yín, márùndínnígba kan fún Lowell."

Mo ní ṣé ìyàwó ilé nìyẹn àbí ọ̀tá ilé? Ó ní, "Ìyàwó tó fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wà ni. Ṣé ẹni tó sọ sípánà lu Lowell á gbọ́ tèmi?"

"Lẹ́yìn tó lọ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ń padà wá, o dákẹ́."

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí àwo. Ó lọ fa dúrọ́ọ̀ tó ń kó ìwé sí. Tamọsitáàtì 195 mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, nínú páálí wọn, tuntun. Òkítóbà 1995 títí di oṣù tó kọjá. "Mi ò yé kọ ọ́," ó ní. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i. Mo ní bóyá Lowell á padà wá."

Ọmọdé máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọ́n á fún un ní wíìlì oníke kó máa yí i, á rò pé òun lòun ń wa ọkọ̀. Ogún ọdún. Wíìlì oníke. Àwọn méjèèjì ń wò mí, wọ́n ń ní kú iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, Fébúárì 20

Èmi àti Akọ̀wé ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó gbé pòtétò àti ẹran sórí tábìlì, ó tutù, mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ó tutù. Mo rántí pátákó mi. 

Ọjọ́rú, Fébúárì 26

Mo ṣì lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípàdé. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ríìǹgì ti wà nílẹ̀ ní ilé kọfí, ìdajì ìlú ti gbà á gbọ́. Oníbàárà méjì ti gba ọkọ̀ wọn padà lọ́wọ́ Adákẹ́, Harlan ló sọ fún mi. Tí mo bá dìde ní Sátidé, òun ló bàjẹ́, èmi á wà bí mo ṣe wà. Ó sì jẹ mí níyà tó bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kó máa ṣí ẹ́ńjìnnì ọ̀gá ẹ̀?

Mo kọ ohun tí màá sọ sínú bébà. Ìlà mẹ́rin. Mo ki í bọ àpò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Máàṣì 1

Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kún. Adákẹ́ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, fìlà lórí itan. Harlan ló ń darí ìpàdé. Ó ní, "Orrin ti ń ṣèlérí fún wa láti oṣù Kìíní. Ó yá, là á mọ́lẹ̀ fún wa."

Mo dìde. Ọwọ́ mi wà nínú àpò, lórí bébà. Mo wo Adákẹ́. Kò bẹ̀ mí. Kò tilẹ̀ dorí kodò. Bó ṣe wò mí lọ́jọ́ kọ́kọ́rọ́ náà ló ṣe wò mí.

Mo ní, "Ẹ́ńjìnnì Verna, èmi nìkan ni mo ṣe é. Ọwọ́ Lowell ò kàn án."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Harlan fọwọ́ lu tábìlì: "Ẹ ò rí i! Kódà èyí tó bàjẹ́, Orrin ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín in!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìgbà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, fáàrí ni wọ́n gbọ́. Bí mo ṣe gbé ayé mi nìyẹn.

Mo dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. Mo ní, "Ti Velda, Lowell ló rọ omi ẹ̀. Ó yọ tamọsitáàtì tèmi, ó fi èyí tó tọ́ sí i. Ti Pásítọ̀ náà. Ti Dókítà. Ti gbogbo yín. Ríìǹgì ò ṣe nǹkankan. Ohun tí mo sọ ní ilé kọfí, irọ́ ni, mo sì kó o jẹ."

Verna ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Orrin. Ṣé ìdí nìyẹn tẹ́sẹ̀ Velda fi móoru?"

"Ìdí nìyẹn."

"Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi gbé bíríkì."

"Mo mọ̀."

"Bíríkì, Orrin!"

Velda ní, "O ò bá ti wọ ọkọ̀ mi." Verna ní kó panu ẹ̀ mọ́ — ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́.

Wọ́n dìbò. Adákẹ́ ni wọ́n yàn fún ọkọ̀ panápaná. Ó dìde, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò lè to ẹ́ńjìnnì yẹn. Orrin ni kó tò ó. Èmi á rọ omi." Ó jókòó padà.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Mi ò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó kọjá lára mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá?" Mo ní ilẹ̀kùn kì í tì.

Èmi àti Akọ̀wé wọ Ìyáàgbà lọlé. Ó ta bùláńkẹ́ẹ̀tì bo itan ẹ̀. Ó pín ìdajì sórí itan mi. Mi ò kọ̀ ọ́. Mi ò dúpẹ́ náà.

Ọjọ́ Ajé, Máàṣì 3

Adákẹ́ dé ní aago méje. Ó mú àpò oúnjẹ ẹ̀ kọ́ síbi tó máa ń kọ́ ọ sí tẹ́lẹ̀. Ìṣó yẹn ṣì wà níbẹ̀, mi ò mọ ìdí tí mi ò fi yọ ọ́.

Ó gbójú sókè wo pátákó. Mi ò tíì yọ ọ́. Àkàbà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òjò dídì bò ó.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Verna. Sìlíńdà tuntun, ríìǹgì tuntun. Mo ń tò ó, ó ń wò mí. Kò sẹ́ni tó lè tò ó bí mo ṣe ń tò ó, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ọ̀tì tí mo bá dè, mo ń ṣírò: èwo lẹ tún tú lẹ́yìn mi? Inú mi ò tíì yọ́. Ó lè máà yọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, Akọ̀wé wọlé pẹ̀lú ìwé tó fi ń béèrè èròjà. Pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Ó ka ohun tí ọkọ̀ panápaná fẹ́: gásíkẹ́ẹ̀tì, béárìnnì, bẹ́líìtì. Ó dé ọ̀dọ̀ tamọsitáàtì. Ó dúró. Ogún ọdún ló ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ogún ọdún ni mo ti ń dá a lóhùn láì gbójú sókè. Ó tún bi mí bó ṣe máa ń bi mí, ohùn kan náà gan-an:

"Bàbá, èwo ni kí n kọ?"

Adákẹ́ ò nu irin mọ́.

Mo gbójú sókè lọ́tẹ̀ yìí. Mo wo ojú Akọ̀wé.

Mo ní, "Má kọ tèmi. Kọ èyí tó o máa ń kọ lẹ́yìn mi."